Àmàlà Ìbàdàn Nínú Ilé Ìdáná Wa: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé Nílẹ̀ Okun

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà àti Mópà, okun o.

Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Nílẹ̀ tiwa níbí, iyán nìkan la gbájú mọ́, a fi ọkà sílẹ̀ fún àwọn ará Ìbàdàn. Ọmọ wa á wọ mọ́tò ní Ẹ̀gbẹ̀, á gba Ọ̀mù-Àrán, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ dé Ìbàdàn. Á jẹ àmàlà níbẹ̀, á lá ọwọ́, á sì ra èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà bọ̀ wálé pẹ̀lú owó gọbọi. Irú iṣu tí wọ́n fi ṣe èlùbọ́ ọ̀hún ló ń jẹrà nínú abà bàbá rẹ̀.

Tí ẹ bá dé ìdí olóúnjẹ

Ẹ má kàn jẹun kí ẹ dìde. Ẹ lọ lásìkò tí èrò ò tíì pọ̀, kí ẹ sì jókòó síbi tí ẹ ti lè rí ìkòkò. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ya ilé olóúnjẹ kan n'Ìbàdàn, mo ti gbà pé inú èlùbọ́ ni gbogbo adùn wà, àfìgbà tí mo wo ọwọ́ ìyá tó ń ro ó. Omi hó yeeye. Ó bu díẹ̀ sínú agolo sọ́tọ̀, ó da èlùbọ́ sínú ìyókù, ó fi àkísà di etí ìkòkò mú, orógùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò kàn ń yí i kiri o; ó ń tẹ èlùbọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò títí kókó kankan ò fi ṣẹ́ kù. Ó wá wọ́n omi inú agolo yí i ká, ó dé e, ó lọ dá oníbàárà méjì lóhùn, ó padà wá tún un ro. Mo bi í pé kí ló dé tó fi dé e. Ó ní, "Tí inú ẹ̀ ò bá jinná, ẹnu ẹ lo máa fi mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Tí ẹ bá fẹ́ ro ó nílé, ife omi 2 sí ife èlùbọ́ 1 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó mọ ìwọ̀n èlùbọ́ tiyín. Ẹ kọ́kọ́ jọ̀ ọ́.

Èlùbọ́ látinú iṣu tiwa

Iṣu tó gún régé, ẹ fi í sílẹ̀ fún odó àti fún ọjà. Èyí tí ọkọ́ ṣá, èyí tó ṣẹ́, èyí tó kéré lójú oníbàárà, àwọn yẹn ni kí ẹ kó jọ. Èyí tó ti rà kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, nítorí oòrùn mú, atẹ́gùn sì gbẹ.

Ẹ bẹ iṣu, ẹ gé e pẹlẹbẹ, kí ó nípọn tó ìka ọwọ́ kan. Ẹ gbé omi kaná, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó hó. Nígbà tí ìka yín bá lè wọ inú omi náà tí kò sì lè dúró síbẹ̀, ẹ da iṣu sí i, ẹ fa iná kúrò, ẹ dé e di ọjọ́ kejì. Tí omi bá hó, iṣu sísè lẹ ṣe yẹn, ẹ wá epo fún un kí ẹ jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ da omi nù kí ẹ sá a. Àpáta ò wọ́n wa nílẹ̀ Okun, orí rẹ̀ sì máa ń gbóná dáadáa. Ẹ gbá a mọ́, ẹ tẹ́ ẹní tàbí ọ̀rá tó mọ́ sí i, kí ẹ sì fi ọmọ kan ṣọ́ ewúrẹ́. Ẹ má sá a sẹ́bàá títì: eruku àti èéfín mọ́tò kì í ṣe èròjà. Tí ọyẹ́ bá mú, ọjọ́ 3 sí 5 á tó. Ẹ mú ègé kan, ẹ ṣẹ́ ẹ: tó bá dún pàà, ó ti gbẹ, tó bá tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ẹ dá a padà sóòrùn. Àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣókùnkùn. Ara iṣu fúnra rẹ̀ ni dúdú yẹn ti wá, ẹnikẹ́ni ò pò ó mọ́ ọn.

Iṣu tútù bíi kìlógíráàmù 4 ló ń di kìlógíráàmù 1 gbígbẹ, nítorí náà kí ó má yà yín lẹ́nu bí àpò ṣe kéré.

Èmi náà ti kánjú rí. Mo di ègé tí kò gbẹ tán sínú àpò, mo gbé e sórí àjà. Nígbà tí mo tú u, kòkòrò ti lu gbogbo rẹ̀ bí asẹ́. Inú ike tó ní ìdérí tó le ni kí ẹ kó o sí. Tí kòkòrò bá wọ ọ́, ẹ tún un sá, ẹ gbọ̀n ọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí i, ohun tí ẹ máa jẹ ni. Èyí tó bá sì bu funfun tàbí aláwọ̀ ewé, ẹ dà á nù. Májèlé inú rẹ̀ kì í kú sínú omi gbígbóná.

Ọbẹ̀ rẹ̀

Àbùlà ni wọ́n ń pe àmàlà tí gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata bá jọ wà lórí rẹ̀. Ọbẹ̀ ata, ẹ mọ̀ ọ́n sè jù mí lọ.

Gbẹ̀gìrì ló ń fẹ́ sùúrù. Ẹ rẹ ẹ̀wà sómi díẹ̀, ẹ fọwọ́ bó èèpo rẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ sè é láìfi iyọ̀ sí i títí á fi yọ́. Ẹ fi ìjábẹ̀ jà á, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ gbé e padà síná pẹ̀lú ata, irú, iyọ̀ àti epo pupa. Ẹ máa ro ó, torí ó máa ń jó nídìí. Kí ó ṣàn bí ẹ̀kọ mímu ni, kó má dì.

Ti ewédú yá: omi híhó, kán-ún bíńtín, ewé, ẹ má dé e kó má baà pọ́n. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fi ìjábẹ̀ jà á, ẹ fi irú àti iyọ̀ sí i. Àwọn kan máa ń bu ẹ̀gúsí lílọ̀ díẹ̀ sí i, ẹ̀gúsí ò sì wọ́n wa.

Gbẹ̀gìrì tó bá ṣẹ́ kù lálẹ́, ẹ gbé e kaná kí ẹ tó sùn, kí ẹ tún gbé e kaná ní kùtùkùtù. Tí ó bá ti ń yọ ìfófòó láìsí lórí iná, ó ti kan nìyẹn.