Ẹ Dojú Ikùn Rẹ̀ Sókè: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹja Olórí-Ejò Mọ̀ Lódò Potomac

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Maryland, tí ẹ máa ń lọ sọ ìwọ̀ sódò lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Tí omi bá ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ báyìí, fọ́tò ẹja a bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí WhatsApp mi: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àrọ̀ nìyí? Ṣé ká sè é?” Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń yà, ọwọ́ ẹni tó gbé ẹja dání á sì ti bo ìdajì ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ nìkan kò tó. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, etí ọ̀sà ni mo ti dàgbà, abẹ́ ikùn ẹja yìí lèmi náà máa ń wò kí n tó sọ̀rọ̀.

Ẹja ọ̀hún ni wọ́n ń pè ní northern snakehead. Olórí-ejò ni màá máa pè é níhìn-ín. Ilẹ̀ China, Kòríà àti apá kan Rọ́ṣíà ló ti wá. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Maryland fún un lórúkọ tuntun, Chesapeake Channa, kí àwọn èèyàn lè fẹ́ràn àtirà á jẹ. Tí ẹ bá gbọ́ orúkọ yẹn, ẹja kan náà ni.

Bó ṣe wọ ìpínlẹ̀ wa yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ra ẹja láàyè gbọ́. Ní 2002, apẹja kan mú ọ̀kan nínú adágún omi kékeré kan ní Crofton. Nígbà tí ìjọba wádìí, ọkùnrin kan ló ti ra méjì láàyè láti New York, ó fẹ́ kí wọ́n fi se ọbẹ̀ fún arábìnrin rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ara obìnrin náà yá kí ẹja tó dé, ọkùnrin yìí bá ń sìn wọ́n nílé. Nígbà tó yá, ó lọ dà wọ́n sínú adágún yẹn. Wọ́n bímọ síbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ìjọba ní láti da rotenone, oògùn apẹja, sómi náà, gbogbo ẹja ibẹ̀ sì kú. Ní 2004 ni wọ́n tún rí i nínú odò Potomac, àyẹ̀wò sì fi hàn pé kì í ṣe ìran ti Crofton. Ẹlòmíràn ló tú ìyẹn sílẹ̀. Láti ìgbà náà, apá kò ká a mọ́.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìdámọ̀ rẹ̀. Tó bá ti gbé ìwọ̀ yín mì, ẹ má jù ú padà, ẹ má sì tíì pa á. Ẹ fi aṣọ tútù dì í mú lórí koríko, níbi tó jìnnà díẹ̀ sómi, torí ó lágbára, eyín rẹ̀ sì mú. Ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu àti awọ rẹ̀. Àrọ̀ ní irun gígùn lẹ́nu, ara rẹ̀ ń yọ̀, kò sì ní ìpẹ́ kankan. Olórí-ejò kò ní irun ẹnu, ìpẹ́ ló bo gbogbo ara rẹ̀ títí dé orí. (Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ àrọ̀ nítorí òfin Léfítíkù, eléyìí ní lẹbẹ, ó sì ní ìpẹ́.) Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú ju tòkè lọ. Àwọ̀ ara rẹ̀ rí bí awọ erè, àbàwọ́n dúdú ńláńlá lórí ilẹ̀ tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé àwọ̀. Inú ẹrẹ̀ àti abẹ́ òṣíbàtà ló ń gbé, ó sì lè dúdú débi pé ẹ ò ní rí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà gan-an ni ti ẹja kan tí wọ́n ń pè ní bowfin. Ọmọ onílẹ̀ ni ìyẹn, ìran ẹja àtayébáyé tí ọ̀pọ̀ ìbátan rẹ̀ ti parun láyé. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ gùn bíi ti olórí-ejò, ìrù rẹ̀ rí roboto, ẹnu rẹ̀ tóbi, òun náà sì ń yọjú mí afẹ́fẹ́ lókè omi. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé “tó bá ti ń mí lórí ilẹ̀, olórí-ejò ni” ti ṣì yín lọ́nà. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rí bowfin tí wọ́n ti fọ́ lórí, tí wọ́n jù sétí omi fún eṣinṣin. Ẹja tí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, tó ti wà nínú odò Amẹ́ríkà kí ẹnikẹ́ni tó mú olórí-ejò débẹ̀.

Ẹ yí ẹja náà, kí ẹ dojú ikùn rẹ̀ sókè. Lẹbẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti ihò ìdí lọ sápá ìrù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti olórí-ejò gùn gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ dé ìrù. Ti bowfin kúrú, ẹ lè fi ìka mẹ́ta bò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá lẹbẹ méjì tó wà lábẹ́ ikùn. Ti olórí-ejò wà níwájú pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan lẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ti bowfin wà ní àárín ikùn gangan. Ẹ wá tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Tí egungun pẹlẹbẹ kan bá wà níbẹ̀, láàárín ẹ̀ka àgbọ̀n méjèèjì, bowfin ni. Akọ bowfin tún sábà máa ń ní àmì dúdú roboto bí ojú nídìí ìrù.

Ipò lẹbẹ yìí kì í yí padà, bí ẹja náà tiẹ̀ kéré bí ìka ọwọ́ yín. Tí ẹ bá rí àwọn ọmọ wẹẹrẹ tí wọ́n ń rìn lágbo lókè omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, ẹ fura, nítorí bàbá àti ìyá olórí-ejò jọ máa ń ṣọ́ ọmọ wọn ni.

Tó bá jẹ́ bowfin, ẹ yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀ jẹ́ẹ́, kí ẹ dá a padà sómi. Tí ẹ bá ṣì ń ṣiyè méjì, ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ látorí dé ìrù, ikùn, àti abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ fi wọ́n hàn ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ.

Tó bá jẹ́ olórí-ejò, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pa á. Mo mọ̀ pé ó ti mọ́ wa lára láti gbé àrọ̀ láàyè sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì délé, ṣùgbọ́n òfin Maryland kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní olórí-ejò láàyè lọ́wọ́. Sísọ ọ́ sínú kúlà oníyìnyín kò tó o, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń mí lè mú un wà láàyè fún ìgbà pípẹ́ bí ara rẹ̀ kò bá ṣáà ti gbẹ. Ẹ gbá a lórí, ẹ gé ohun pupa tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún lósì, ẹ tú ìfun rẹ̀ jáde tàbí kí ẹ gé orí rẹ̀ kúrò. Kò sí iye tí ẹ kò gbọdọ̀ mú jù, ẹni tó bá ti pé ọdún 16 ṣáà gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ǹsì ìpẹja. Ẹran rẹ̀ funfun, ó ki, kì í fọ́ sínú ọbẹ̀ ata.

Tí ẹ bá rí àmì oníke tí wọ́n fi gún un lẹ́yìn, ẹ má jù ú nù. Àwọn tó ń tọpa ẹja yìí ló fi í síbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wọn gígùn ẹja náà, kí ẹ pe fóònù tí wọ́n tẹ̀ sára àmì ọ̀hún. Tó bá sì jẹ́ odò tí ẹ kò gbọ́ rí pé olórí-ejò wà ni ẹ ti mú un, ẹ fi fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti orúkọ ibẹ̀ ránṣẹ́ sí DNR, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó odò àti ẹja ní ìpínlẹ̀ Maryland, lọ́jọ́ náà gan-an.