PTO tractor àtijọ́ tí ò yí mọ́: ẹ má tíì tú gíábọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ará, tí PTO tractor yín tó ti pẹ́, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀yìn tractor tó ń yí irinṣẹ́, bá dédé kọ̀ṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí mẹkáníìkì tú nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, torí ọ̀pá yẹn máa ń yí tó ìgbà 540 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá fi lè gbá aṣọ èèyàn mú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo bóòtù kékeré tó wà lára ọ̀pá irinṣẹ́ ná, wọ́n dìídì ṣe é pé kó kán tí iṣẹ́ bá wúwo jù ni. Irú ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ fi pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má fi èyí tó le jù síbẹ̀ o, gíà ló máa kán dípò ẹ̀.

Tó bá ń yí dáadáa lófìfo àmọ́ tó ń dúró tí iṣẹ́ bá ti dé orí ẹ̀, clutch, ìyẹn ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀ tó sì ń já a, ni kẹ́ ẹ fura sí. Ọ̀pọ̀ tractor àtijọ́ ló ní pléètì clutch méjì, ọ̀kan fún ìrìn, ìkejì fún PTO, tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dàlì dé ìdajì ìrìn á dúró, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀ PTO náà á dúró, ìdí nìyẹn tí tractor fi lè máa rìn geerege kí pléètì PTO sì ti jẹ tán. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó ra pléètì, ẹ wò ó bóyá pẹ́dàlì ṣì ní àyè díẹ̀ lókè kó tó le, tí ò bá ní, ẹ tún un sẹ́ẹ̀tì.

Tó bá jẹ́ pé hydraulic, ìyẹn agbára ọ́ìlì, ni clutch PTO tiyín ń lò, ẹ wo ọ́ìlì àti fílítà ẹ̀ kíákíá.