«Ó Dára» Inú Ìwé Tíátà: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ṣíṣọ́ Iṣẹ́ Abẹ ní Ọsibítù Ìgbèríko

Ẹ gba Ẹlẹ́yẹlé jáde n'Ìbàdàn, ẹ kọjá Ológunẹrú, ẹ la Ìdó já, ẹ forí lé ọ̀nà Ìbàràpá. Ọsibítù kékeré tí ẹ bá yà sí, tí wọ́n bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé tíátà wá, ìyẹn ìwé yàrá iṣẹ́ abẹ. Wọn kì í fi ìwé yẹn ṣeré: ọjọ́, orúkọ, ọjọ́ orí, irú iṣẹ́ abẹ, dókítà tó ṣe é, oògùn tí wọ́n fi kun aláìsàn lóorun. Apá ọ̀tún pátápátá ni kí ẹ wò, níbi tó yẹ kí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ ṣe já sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bá «ó dára» níbẹ̀ láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ ò parọ́. Kí wọ́n tó ti aláìsàn jáde ló ti kọ ọ́, ó sì dára lóòótọ́ nígbà náà. Ẹni tó kó àwọn «ó dára» yìí jọ lópin oṣù, tó fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀, tó ní iṣẹ́ ń lọ geere, ẹni yẹn ló ń tan ara rẹ̀.

Má ka ẹnu ọ̀nà tíátà sí òpin iṣẹ́ abẹ

Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 247, ní orílẹ̀-èdè 25 nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n tọpa aláìsàn tó lé ní 11,000 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn 239 kú. Nínú 239 yìí, 225 ni ikú wọn kọjá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé orí bẹ́ẹ̀dì ni púpọ̀ nínú wọn ti kú, nígbà tí dókítà ti fọwọ́ tó sì ti lọ sinmi.

Nítorí náà, ọ̀gá tó ń fi «ẹnikẹ́ni ò kú sórí tábìlì wa» yangàn ò tíì sọ nǹkan kan. Kó lọ sí wọ́ọ̀dù, kó mú fáìlì ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lánàá, kó wo ohun tí wọ́n kọ lóru. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aago mẹ́wàá alẹ́, ti aago méjì òru àti ti aago mẹ́fà àárọ̀ bá jẹ́ 120/80 lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí bírò kan náà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì tẹ̀ síbì kan náà, kí ó má bínú sí nọ́ọ̀sì kó tó béèrè iye bẹ́ẹ̀dì tí nọ́ọ̀sì ọ̀hún nìkan ń ṣọ́ lóru ọjọ́ náà, àti bóyá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, ilé ló kù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọsibítù ti sọ okùn nù. Ọjọ́ 30 ni wọ́n máa ń ka ojú ọgbẹ́ mọ́ iṣẹ́ abẹ lágbàáyé: bí ó bá ṣọyún láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, iṣẹ́ abẹ yẹn ló ni í. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún kì í sábà lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó lọlé, ọyún sì sábà máa ń dúró dìgbà tó bá délé kó tó yọjú. Bó bá yọjú tán, kẹ́mísì tó wà lẹ́bàá ilé ni yóò kọ́kọ́ lọ, torí ọ̀kadà padà sí ọsibítù kì í ṣe owó kékeré. Kẹ́mísì á fún un ní kápúsù, ìyá ọkọ á se omi gbígbóná. Nínú ìwé tíátà, «ó dára» ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Fóònù ni oògùn ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti ń gbìyànjú rẹ̀. Àṣìṣe méjì ló ń bà á jẹ́. Èkíní, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, ti aláìsàn fúnra rẹ̀, èyí tí kì í wọlé lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Ẹ gba ti ọkọ, ẹ gba ti ará ilé kan, kí ẹ sì kọ àdúgbò àti ohun tí a fi ń dá ilé mọ̀. Ní Ìgbò-Ọrà, tí Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ láti 1963, kì í ṣòro láti rí ẹni tí yóò fẹsẹ̀ rìn délé ẹni tí fóònù rẹ̀ ò lọ.

Èkejì ni ìbéèrè. Nọ́ọ̀sì á pè, á ní, «Màmá Kẹ́hìndé, ẹ kú ilé o. Ṣé ara ti yá?» Yorùbá wo ni ẹ máa bi ní ìbéèrè yẹn tí kò ní sọ pé «A dúpẹ́ o, ara ti le»? Ojú ọgbẹ́ lè máa rùn lọ́wọ́, ìkíni ló gbọ́, ìkíni ló sì dá padà. Ìbéèrè tí kò ṣeé fi «a dúpẹ́» dáhùn ni kí ẹ bi í: Ṣé omi tàbí ọyún ń jáde níbi tí wọ́n rán? Ṣé ó ti la ẹnu? Ṣé ara yín gbóná lọ́sẹ̀ yìí? Ibo ni ẹ ti gba abẹ́rẹ́ látìgbà tí ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ wa? Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ibẹ̀ ni òótọ́ ti sábà máa ń jábọ́.

Má fi àmì sí fọ́ọ̀mù lẹ́yìn tí gbogbo ẹ̀ ti parí

Láti 2008 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé fọ́ọ̀mù ààbò iṣẹ́ abẹ jáde, ohun 19 tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò ní ìgbà mẹ́ta: kí a tó kun aláìsàn lóorun, kí abẹ tó kàn án, kí ó tó kúrò ní tíátà. Ìlú mẹ́jọ ni wọ́n ti dán an wò, Ifakara ní ìgbèríko Tanzania sì wà lára wọn. Nínú aláìsàn 1,000, àwọn tó ń kú dínkù láti 15 sí 8.

Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe fọ́ọ̀mù yìí. Bírò kàn ń tẹ̀lé e ni. Ohun tí à ń rí ni fọ́ọ̀mù 20 tí ẹnì kan jókòó kọ lọ́sàn-án Ẹtì kí àwọn alábẹ̀wò tó dé lọ́jọ́ Ajé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ wá ibi tí wọ́n ti fàmì sí i pé aláìsàn gba oògùn apakòkòrò láàárín ìṣẹ́jú 60 kí wọ́n tó fi abẹ kàn án, kí ẹ wá gba káàdì ilé oògùn fún ọjọ́ náà. Bí oògùn náà bá ti tán láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti yé yín.

Èyí tó le jù ni ti ọ̀wọ̀. Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní kó dá dókítà àgbà dúró, kó ní, «Ẹ jọ̀ọ́ sà, gọ́ọ̀sì ò tíì pé, ẹ má tíì rán an.» Gọ́ọ̀sì ni aṣọ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń kà kí ọ̀kan má baà kù sínú aláìsàn. Bí dókítà bá jágbe mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan péré, ó tán. Dókítà àgbà fúnra rẹ̀ ni kó máa kọ́kọ́ béèrè pé, «Gọ́ọ̀sì ńkọ́?»

Má fi ìṣirò kékeré dájọ́

Ọsibítù tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ 20 lóṣù, bí ẹnì kan bá kú, ìdá 5 nínú 100 nìyẹn. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni ò kú, ó di òdo. Kò sí ohun tó yí padà láàárín wọn. Síbẹ̀ àwọn kan á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Ìbàdàn, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ẹ wo ti odindi ọdún, kí ẹ sì jókòó sọ̀rọ̀ ikú kọ̀ọ̀kan bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tó mọ́ jù. Ọsibítù tí kì í gba ẹni tí tífọ́ọ̀dù lu ní ìfun, tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń darí sí Ìbàdàn, kò lè ní ikú púpọ̀ lákọsílẹ̀. Ẹni tó kú sójú ọ̀nà, tàbí tó pẹ́ kó tó dé ọsibítù Adéọ̀yọ́ n'Ìbàdàn, ta ló kọ ọ́ sílẹ̀? Ẹ máa pe ibi tí ẹ darí aláìsàn sí.

Má bẹ̀rẹ̀ ìpàdé pẹ̀lú «Ta ló fà á?»

Ìpàdé tó bá bẹ̀rẹ̀ báyẹn, òun ló gbẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni yóò kọ aburú sílẹ̀. Wọ́n á máa ti gbogbo ẹ̀ sábẹ́ ẹní.

Ẹ má sì dúró de kọ̀ǹpútà kí ẹ tó máa kọ nǹkan sílẹ̀. Olóògbé Dókítà Awójọbí, oníṣẹ́ abẹ tó lọ tẹ̀dó sí Èrúwà ní àwọn ọdún 1980, fi ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ jáde kí àwọn dókítà míì lè kà á. Ìwé olójú líle kan àti rúlà tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun márùn-ún péré tí ẹ ó máa kọ láìsinmi sàn ju 40 tí ẹ ó pa tì lóṣù kejì.

Téèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àpò irinṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e sínú ẹ̀rọ tí ń fi ooru pa kòkòrò, tó máa ń dúdú, òun ńkọ́? Ooru ló fi hàn pé ó dé ibẹ̀. Kò sọ pé ẹ̀rọ náà dúró ní 121°C tó bó ṣe yẹ, pàápàá lọ́jọ́ tí iná já láàárín. Ẹ kọ àkókò tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí.

Ìwé kan ṣì kù tí n kì í sábà rí níbikíbi: ti àwọn tí kò dé tíátà rárá. Ìgbìmọ̀ Lancet lórí iṣẹ́ abẹ sọ ní 2015 pé èèyàn bílíọ̀nù 5 ni kò rí iṣẹ́ abẹ tó péye gbà lásìkò, ní iye tí agbára wọn ká. Bàbá tí ìpá ń dà láàmú, tí wọ́n ní kó lọ mú owó wá, tó sì wọkọ̀ padà sí Lànlátẹ̀, wà lára wọn, ṣùgbọ́n kò sí níwèé ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìwé kan sọ́dọ̀ ẹni tó ń gba káàdì, kó máa kọ ọjọ́, àìsàn, iye owó tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ aláìsàn àti iye tó mú wá. Orúkọ ò pọn dandan.