Kí o tó fi orúkọ sílẹ̀ fún rẹ́sídẹ́ǹsì apoògùn ní Amẹ́ríkà, mọ ibi tí agbára rẹ mọ

Mú tákàdá kan, kí o fa ìlà sí àárín rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, kọ ohun tí o kò tíì mọ̀. Ní apá òsì, kọ ohun tí ọdún kan kò lè yí padà nínú ayé rẹ. Rẹ́sídẹ́ǹsì ni ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí apoògùn ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó bá ti jáde ilé ìwé. Ti ọdún àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní PGY1, oṣù 12 ni, apá ọ̀tún ló sì wà fún. Ẹni tí apá òsì rẹ̀ wúwo tí kò kà á sí ni ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí.

Mo wà lára àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó fẹ́ wọlé lẹ́nu wò ní ọsibítù kan ní Houston. Àwọn àbúrò tó kàwé apoògùn ní Ifẹ̀ àti Ìbàdàn náà máa ń pè mí. Máàkì ni gbogbo wọn fẹ́ sọ fún mi. Èmi a ní, fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ló wà ní apá òsì?

Ìwé àṣẹ ló ṣáájú. Bí o bá kàwé ní Nàìjíríà, àfi kí NABP, àjọ àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fún apoògùn láṣẹ ní Amẹ́ríkà, fún ọ ní FPGEC, ìwé ẹ̀rí fún ẹni tó kàwé apoògùn nílẹ̀ òkèèrè, lẹ́yìn tí o bá ti yege FPGEE, ìdánwò ẹ̀kọ́ apoògùn, àti TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sì jáde láti ọdún 2003 síwájú gbọ́dọ̀ ti fi ọdún 5, ó kéré tán, kàwé apoògùn. Wákàtí ìkọ́ṣẹ́ tí ìpínlẹ̀ ń béèrè ń bẹ níbẹ̀, NAPLEX, ìdánwò tí èèyàn ń ṣe kó tó gba láísẹ́ǹsì, náà ń bẹ. Nínú ètò rẹ́sídẹ́ǹsì tí ASHP, ẹgbẹ́ àwọn apoògùn ọsibítù ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí, ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta ọdún náà lo gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ pẹ̀lú láísẹ́ǹsì lọ́wọ́. Bí o bá sì fìdí rẹmi nínú NAPLEX, ọjọ́ 45 lo máa dúró kí o tó tún un ṣe. Oṣù keje ni ọ̀pọ̀ ètò ń bẹ̀rẹ̀. Jókòó, kí o ṣírò rẹ̀.

Owó ńkọ́? Owó oṣù rẹ́sídẹ́ǹtì kì í ju nǹkan bí ìdajì ohun tí apoògùn tó ti gba láísẹ́ǹsì ń gbà lọ. Bí o bá ń fowó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, iye rẹ̀ gan-an ni kí o kọ, má kàn kọ “ẹbí”. Ẹni tó bá ní òun á fi iṣẹ́ alẹ́ níbòmíràn dí i, kó mọ̀ pé wákàtí 80 lọ́sẹ̀ ni òdiwọ̀n, tí wọ́n bá pín in sórí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, iṣẹ́ alẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀. Bí o bá ní ọmọ ọwọ́, ta ló máa tọ́jú rẹ̀ ní Sátidé tí o bá wà lẹ́nu iṣẹ́? Orúkọ èèyàn ni mo fẹ́ gbọ́, kì í ṣe “Ọlọ́run á ṣe é”. Á ṣe é o, àmọ́ ẹni tó máa gbé ọmọ dání ṣì gbọ́dọ̀ wà.

Ó kan apá ọ̀tún. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ “mi ò tíì mọ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù dáadáa” síbẹ̀. Ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Dán ara rẹ wò báyìí: ìyá àgbà kan ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, INR rẹ̀, ìyẹn òdiwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, jẹ́ 2.4 ní Jímọ̀, dókítà wá kọ Bactrim, oògùn apakòkòrò, fún un nítorí àrùn ojú ilé ìtọ̀. Kí lo máa sọ fún dókítà yẹn láàárín ìṣẹ́jú méjì? Má fọwọ́ kan fóònù. Ibi tí ẹnu rẹ bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni kí o kọ sílẹ̀: “Mo mọ̀ pé oògùn méjèèjì yìí ń bá ara wọn jà àti pé INR á gòkè. Mi ò tíì lè sọ oògùn wo ni kí a fi rọ́pò Bactrim, tàbí ọjọ́ tí a máa tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò.” Ohun tí èèyàn lè kọ́ ọ nìyẹn. Ti orúkọ oògùn, pé paracetamol di acetaminophen, salbutamol di albuterol, má fi ìyẹn da ara rẹ láàmú. Kò ní pẹ́ mọ́ ọ lẹ́nu.

Ohun tó le ju oògùn lọ fún àwa ọmọ Yorùbá ni ẹnu. Wọ́n ti tọ́ wa pé a kì í já àgbàlagbà níyàn. Dókítà tó ti hu ewú wá kọ vancomycin, oògùn apakòkòrò, tó pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín aláìsàn lè gbé lọ, nọ́ọ̀sì ti ń so ó kọ́. Mo ti rí ọmọ tó mọ ìdáhùn náà ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n tó ń sọ ọ́ fún bàtà rẹ̀. Dúró níwájú dígí nílé, kí o sọ ọ́ sókè: “Dókítà, iṣẹ́ kíndìnrín ìyá yìí ti lọ sílẹ̀ láti àná. Ẹ jẹ́ ká dín vancomycin yìí kù.” Bí ohùn rẹ bá ń wọlẹ̀, kọ ọ́ sí apá ọ̀tún. Kọ èyí náà sí i: ṣé o lè sọ pé “Mi ò mọ̀, màá wá dáhùn kó tó di aago mẹ́wàá,” kí o sì padà wá ní aago mẹ́wàá lóòótọ́?

Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí a bá béèrè ibi tí àwọn tó fẹ́ wọlé kù sí, ọ̀pọ̀ á ní àwọn fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan pé jù. A ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Mú ohun kan láti apá ọ̀tún, sọ ohun tí o ti ń ṣe nípa rẹ̀, kí o dákẹ́.

Apá òsì kì í ṣe ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Òun lo máa fi yan ibi tí o máa kọ sínú àtòkọ Match, ètò tó ń pín àwọn tó fẹ́ wọlé sí ọsibítù gẹ́gẹ́ bí àtòkọ tí tọ̀tún tòsì kọ, torí ibi tí Match bá gbé ọ sí, o ti gbà á nìyẹn. Má kọ ìlú tí o kò lè gbé síbẹ̀ nítorí pé orúkọ ọsibítù náà ń dún.

Bí apá òsì bá sì borí lọ́dún yìí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ọdún díẹ̀ ṣiṣẹ́ lè jókòó ṣe ìdánwò BCPS, ìwé ẹ̀rí àkànṣe fún apoògùn, láìṣe rẹ́sídẹ́ǹsì. Ẹni tó wà nílé náà lè gba ọ̀dọ̀ West African Postgraduate College of Pharmacists lọ. Ṣùgbọ́n bí o bá ṣì ń bọ̀ níbí, ọ̀rọ̀ físà ni kí o kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ètò kọ̀ọ̀kan, kí o tó san owó PhORCAS, ojú ìkànnì tí wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ fún rẹ́sídẹ́ǹsì, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe é fún èèyàn.