Bátìrì caravan nígbà òtútù: ẹ má jẹ́ kó febi sùn

Òtútù nìkan kọ́ ló ń pa bátìrì caravan (ilé kékeré tí mọ́tò ń fà) tó dúró sójú kan láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àìkún gan-an ló ń pa á. Bátìrì olójèé tí iná rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, tí a sì pa tì bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun kan á máa dì mọ́ àwọn plate inú rẹ̀. Tó bá ti gbó mọ́ ọn lára, ṣájà kò ní lè tú u mọ́. Èyí tí iná rẹ̀ ti tán pátápátá, omi inú rẹ̀ lè di yìnyín ní nǹkan bíi -10°C, kó sì la ike rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣájì rẹ̀ kún kí ẹ tó tì í pa. Ṣájà tó máa ń gbé e dé 14.4V, tó sì máa ń dẹwọ́ sí 13.6V fúnra rẹ̀ tó bá kún, ni kí ẹ lò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná. Bó bá jẹ́ olómi, ẹ fi omi bátìrì bo àwọn plate náà lẹ́yìn tó bá gba iná tán. Omi ẹ̀rọ ilé á bà á jẹ́.

Áláàmù ni olè tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà sí. Èyí tó ń fa 20mA péré ń jẹ nǹkan bíi 0.5Ah lójúmọ́ (Ah ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì gbà), 15Ah lóṣù. Bátìrì 100Ah á ti dé ìdajì kí oṣù mẹ́rin tó pé! Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì yín kí ẹ tó yọ ọ́. Àwọn kan ní dandan kó máa ṣiṣẹ́. Sólà 20W lè gbé ẹrù náà bí ẹ bá nà án ró, kó kọjú sí gúúsù. Èyí tó bá dùbúlẹ̀ lórí òrùlé kò rí oòrùn oṣù kejìlá tó, ẹni tó bá sì fi aṣọ bo caravan ti bo sólà mọ́ ọn nìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé e wọlé, ẹ yọ sólà, ẹ tú waya dúdú, kí ẹ tó tú pupa. Bí sípánà bá kan ara caravan nígbà tí dúdú ṣì wà níbẹ̀, iná á ṣẹ́ pàrà. Tí ẹ bá ń dá a padà, pupa ni kó ṣáájú.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ fi mítà wò ó. Ẹ yọ ṣájà, kó sinmi di ọjọ́ kejì, torí fóltì tí ẹ bá kà lójú ẹsẹ̀ a máa tanni jẹ. 12.7V, ó kún. 12.4V, ẹ ṣájì rẹ̀. Bó bá ti dé 12V, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú.

Ti bátìrì lithium yàtọ̀ sí ti olójèé: nǹkan bí ìdajì ni kí ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má sì ṣájì rẹ̀ nínú òtútù tó bá ti kọjá 0°C sísàlẹ̀.