Ìwé mi ni wọ́n lu òǹtẹ̀ láíbìrì: bí mo ṣe fi ìwé kọ́ọ̀sì sí rìsáàfù

Ìwé mẹ́rin ni mo fi owó ara mi rà, tí mo gbé lọ sí láíbìrì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè máa yá wọn kà ní wákàtí méjì-méjì. Nígbà tí mo pa dà débẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí ọ̀kan nínú wọn lẹ́yìn káńtà rìsáàfù, níbi tí wọ́n ń kó ìwé tí odidi kíláàsì fẹ́ kà sí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ti rí wọn, ní yàrá tí wọ́n ti ń to ìwé tuntun sí kátálọ́ọ̀gù. Òǹtẹ̀ yunifásítì ti wà lójú ewé àkọ́kọ́, ó wà láàárín ìwé, ó tún wà ní ẹ̀gbẹ́ níbi tí etí àwọn ewé ti pàdé. Mi ò tà á fún wọn, mi ò sì fi ta wọ́n lọ́rẹ, síbẹ̀ ìwé mi ti di ìwé wọn.

Ìjẹ̀bú níbí ni yunifásítì náà wà, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Fọ́ọ̀mù wọn ló burú.

Ìtàn Ìjẹ̀bú ni kọ́ọ̀sì mi: Erédò Súńgbọ́ (yàrà ńlá àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká), ogun Ìmàgbọn láàárín Ìjẹ̀bú àti Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1892, àti ohun tó tẹ̀lé e. Akẹ́kọ̀ọ́ 140 ló forúkọ sílẹ̀, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni láíbìrì sì ní nínú ìwé tó ṣe kókó jù. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ jẹ́ wákàtí mẹ́wàá. Bí ẹnì kan bá ń lo wákàtí méjì, èèyàn márùn-ún ni yóò kà á lóòjọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ 28 ni yóò fi kárí 140, ìyẹn ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni tẹ́ẹ̀sì mi. Bí ẹ̀dà bá di mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá ti tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ẹ̀dà méjì sí i, pẹ̀lú ìwé méjì mìíràn tí láíbìrì kò ní rárá. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣe ìṣirò yìí ná. Olùkọ́ tó bá kó ẹ̀dà kan síbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún èèyàn, ìjà ló gbé síbẹ̀.

Èyí tó jẹ́ ti láíbìrì fúnra ẹ̀ kò ní wàhálà. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé sílẹ̀ (níbi tí wọ́n bá ti ń lo ètò nọ́ńbà ìwé ti Library of Congress ní Amẹ́ríkà, DT515 ni ti ìtàn Nàìjíríà máa ń bẹ̀rẹ̀), wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí pẹpẹ, wọ́n á lẹ bébà pupa mọ́ ọn lẹ́yìn, ó parí. Fọ́ọ̀mù gbígbà, kóòdù kọ́ọ̀sì, iye akẹ́kọ̀ọ́, iye wákàtí tí ẹ fẹ́: ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ìwé ara ẹni ni ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ní ìlà kan tó ní ká kọ ibi tí ìwé ti wá. Mo kọ orúkọ mi. Ọmọ kan tó wá ṣe IT, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìyá tó ni káńtà lọ jẹun ọ̀sán. Ọmọ náà rí ìwé tuntun tí kò ní òǹtẹ̀, ó rí orúkọ èèyàn níbi tí ìwé ti wá, ó ka ìyẹn sí ẹ̀bùn. Mi ò lè bá a wí púpọ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo wọn ní láíbìrì ni pé ìwé tí kò ní òǹtẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn síbẹ̀, torí òǹtẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ń mọ ìwé láíbìrì yàtọ̀ sí ti akẹ́kọ̀ọ́. Ó kó wọn lọ sókè, wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n kọ nọ́ńbà yẹn sínú rẹ́jísítà ńlá. Lẹ́yìn náà wọ́n tò wọ́n sórí tábìlì pé kí wọ́n dúró de kátálọ́ọ̀gù. Ìwé tó wà níwájú wọn lórí tábìlì yẹn kò kéré.

Tó bá jẹ́ òǹtẹ̀ nìkan ni, à bá fi ṣẹ̀rín. Rẹ́jísítà ni wàhálà. Nọ́ńbà tó bá ti wọ ibẹ̀ ti di dúkìá yunifásítì, àwọn ọ̀dítọ̀ sì máa ń kà á ní ìlà ìlà. Ẹnikẹ́ni kò lè fi rọ́bà pa á rẹ́. Mo bẹ ìyá tó wà nídìí rẹ́jísítà, mo ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ìwé mi ni.” Wọ́n wò mí tàánú-tàánú, wọ́n ní, “Dókítà, mo gbà pé tiyín ni. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ní kì í ṣe tiyín.” Wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ ìlà náà.

Ohun tó gbà nìyí. Lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà láíbìrì, kí olórí ẹ̀ka mi kọ́kọ́ buwọ́ lù ú. Ẹ̀dà mẹ́ta lẹ́tà náà. Rìsíìtì ìwé kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí wọ́n fún wọn, tí mo ní láti gun òkè lọ dà kọ fúnra mi. Lẹ́tà àkọ́kọ́ pa dà wá nítorí mo kọ orúkọ ìwé láì kọ nọ́ńbà. Èkejì dúró fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí ẹni tó yẹ kó buwọ́ lù ú wà ní ìpàdé l'Ábẹ́òkúta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọ mọ́tò lọ sí láíbìrì lọ́jọ́ tí mi ò ní iṣẹ́ kankan, owó tí mo ná lórí ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ra ọ̀kan nínú ìwé náà. Ìjẹ̀bú ni mí. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ìwé mẹ́ta ní rìsíìtì. Ẹ̀kẹrin, ọwọ́ òǹtàwé àlòkù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀, irú wọn kì í sì í já rìsíìtì fún èèyàn. Ohun tó gbà mí là ni pẹ́ńsùlù. Mo máa ń fa ìlà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, mo sì máa ń kọ ọ̀rọ̀ àti ọjọ́ sí i. Mo ṣí ojú ewé 63 fún wọn, mo kọ gbólóhùn tí mo ti kọ síbẹ̀ sórí bébà níwájú wọn, wọ́n gbé méjèèjì sún mọ́ra, wọ́n gbà. Ọjọ́ iṣẹ́ mọ́kànlá ló gbà kí wọ́n tó fi bírò pupa fa ìlà lórí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọ́n buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì tún lu òǹtẹ̀ mìíràn sínú ìwé pé wọ́n ti yọ ọ́. Tẹ́ẹ̀sì ọ̀sẹ̀ karùn-ún sún sí ọ̀sẹ̀ kẹjọ.

Nígbà tí mo tún un ṣe, mo ṣe é bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gé káàdì pélébé, mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé ÌWÉ ARA ẸNI, KÌ Í ṢE Ẹ̀BÙN, pẹ̀lú orúkọ mi, kóòdù kọ́ọ̀sì àti ọjọ́ tí mo máa gbà á pa dà. Mo fi nylon funfun wé ẹ̀yìn ìwé, mo ki káàdì sábẹ́ ẹ̀ kó má baà já. Sẹ́lótéèpù kò gbọdọ̀ kan èèpo ìwé, torí bí ẹ bá ń ṣí i, á ya á. Orúkọ mi wà lójú ewé àkọ́kọ́ ní bírò, ó tún wà lójú ewé kan tí èmi nìkan mọ̀. Gbólóhùn ẹ̀bùn yẹn kan náà ni mo kọ sórí fọ́ọ̀mù, mo sì ní kí ìyá tó ni káńtà, kì í ṣe ọmọ IT, buwọ́ lu ẹ̀dà tèmi. Mo ya fọ́tò ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí káńtà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ní ti fọ́tòkọ́pì tí ẹ bá fẹ́ fi sí rìsáàfù, orí kan nínú ìwé àti àpilẹ̀kọ kan nínú jọ́nà kan ni káńtà wọn ń gbà, wọn kì í gba odidi ìwé. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 2022 kò ka ojú ewé fún yín. Ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, irú iṣẹ́ tó jẹ́, bí ẹ ṣe mú tó nínú ẹ̀, àti bóyá yóò ba ọjà òǹkọ̀wé jẹ́ ló ń wò. Ẹ̀tọ́ náà máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Nítorí náà, mo ṣe fọ́tòkọ́pì ohun tí mo fẹ́ nínú iṣẹ́ àlùfáà Samuel Johnson, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá, tó sì kú ní 1901, láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọwọ́ kọ nọ́ńbà sí ewé kọ̀ọ̀kan, 1/46, 2/46, títí dé òpin, torí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ya ewé tó bá wù wọ́n, bí kò bá sì sí nọ́ńbà, ẹ ò ní mọ̀ títí ẹnì kan á fi wá sunkún. Ike tí wọ́n fi ń di bébà máa ń kán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ lu ihò mẹ́ta, ẹ fi òwú líle rán an.

Bí ẹ bá gbà kí wọ́n gbé ìwé lọ sílé di ọjọ́ kejì, ẹ kọ wákàtí tó máa pa dà wọlé síbẹ̀. Mo kọ aago mẹ́sàn-án àárọ̀, mo sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ tí kò gbọdọ̀ jáde rárá.

Ọjọ́ tí ìdánwò parí gan-an ni mo lọ kó wọn, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tí wọ́n buwọ́ lù. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Mo fi ọ̀kan han òǹtàwé àlòkù tí mo ti rà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo òǹtẹ̀ tó ní ti yunifásítì ni, ó wo èkejì tó ní wọ́n ti yọ ọ́, ó ní ìdajì owó lòun máa san.