Bí máàkì háì-sùkúù ọmọ yín bá kéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa ní California. Ẹ̀yin tí GPA ọmọ yín (ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ ní háì-sùkúù) ò ju 2.1 lọ, ẹ má kó owó fọ́ọ̀mù dànù sí yunifásítì tí kò ní gbà á. Community college (ilé-ẹ̀kọ́ gíga ọlọ́dún méjì) tó wà nítòsí yín ni kó lọ. Ẹni tó bá ti parí háì-sùkúù, wọ́n á gbà á, wọn ò ní bèèrè máàkì.

Ibi tó dùn nìyí: tó bá ti ní yúnítì (ìwọ̀n kọ́ọ̀sì) 60 tí University of California (UC) lè kà, máàkì community college ni wọ́n máa fi gbà á síbẹ̀, kì í ṣe ti háì-sùkúù mọ́. Mẹ́fà nínú àwọn ọgbà UC tilẹ̀ ní àdéhùn tí wọ́n ń pè ní TAG (Transfer Admission Guarantee): Davis, Irvine, Merced, Riverside, Santa Barbara àti Santa Cruz. Bí ọmọ bá ti ṣe gbogbo ohun tí wọ́n là sílẹ̀, àyè rẹ̀ dájú. Berkeley àti UCLA ò sí níbẹ̀ o, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Fún ẹni tó fẹ́ wọlé ní sáà fall, Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù TAG, ní ọdún tó ṣáájú èyí tó fẹ́ wọlé.

Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwa Yorùbá láti sọ pé community college lọmọ wà. Orúkọ UC ló máa wà lórí dìgírì náà ṣá.

Kó tó yan kọ́ọ̀sì kankan, kó yẹ assist.org wò, ìkànnì tó ń fi kọ́ọ̀sì tí UC máa kà hàn, kó má baà kàwé tí UC ò ní kà sí. Kó sì tètè lọ rí kánsẹ́lọ̀ (olùdámọ̀ràn) community college rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́. Òun fúnra rẹ̀ o, kì í ṣe màmá rẹ̀.